Kí Ló Ń Fani Mọ́ra Nínú Máàpù Àtijọ́?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, kí ni àwọn ènìyàn ń rí nínú máàpù àtijọ́, nígbà tí ọ̀pọ̀ ohun inú rẹ̀ kò tọ̀nà? Ǹjẹ́ ti orí íntánẹ́ẹ̀tì tó wò?
Òǹkàwé kan, Ìbàdàn.

Ìdáhùn: Àṣìṣe náà gan-an wà lára ohun tó ń fani mọ́ra. Ní ọdún 1798, James Rennell, ayamáàpù ará Gẹ̀ẹ́sì, ya Òkè Kong gbọọrọ já ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, nítorí ó gbà pé Odò Ọya kò lè ṣàn gba gúúsù dé òkun. Àwọn ayamáàpù mìíràn sì ń dà á kọ títí Louis-Gustave Binger, arìnrìn-àjò ará Faransé, fi rin agbègbè náà láàárín 1887 sí 1889, tí kò bá irú òkè bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Ẹ ò rí i pé ìgbàgbọ́ ẹnìkan lè di òkè lójú gbogbo ayé!

Ní ti íntánẹ́ẹ̀tì, àkójọ máàpù David Rumsey, ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, ni mo fara mọ́ jù, nítorí ẹ lè fa àwòrán súnmọ́ títí ẹ ó fi rí ìlà wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ya òkè kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan máa ń gé etí máàpù dànù kí wọ́n tó gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tó dùn mí púpọ̀, torí pé níbẹ̀ ni orúkọ òǹtẹ̀wé àti ọdún sábà máa ń wà.