Ìbéèrè Yín: Ṣé ó ti rẹ odò ni?

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ìtòsí Ṣakí ni wọ́n bí mi sí, níbi tí odò Ògùn ti ń pariwo láàárín àpáta. Ìṣẹrì ni mo ń gbé báyìí. Odò kan náà wá fẹ̀, ó dákẹ́ rọ́rọ́, omi rẹ̀ pọ́n bí ẹrẹ̀. Ṣé ó ti rẹ̀ ẹ́ ni?"
Òǹkàwé, Ìṣẹrì

Kò rẹ̀ ẹ́ o. Ariwo ló tàn yín jẹ.

Ọdún 23 ni mo fi kọ́ ọmọ ní Abẹ́òkúta. Lọ́dún kan, mo kó wọn lọ sí apá òkè odò yìí, a ju ọsàn sómi. Ọsàn náà há sẹ́yìn òkúta, ó ń yí po ṣáá títí a fi ṣíwọ́ kíkà. Nígbà tí a padà délé, a ju òmíràn láti orí afárá Làfẹ́nwá. Kí àwọn ọmọ tó sáré dé òdì kejì, ó ti kọjá lọ láìpariwo.

Ilẹ̀ dagẹ̀rẹ̀ lókè lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi ibẹ̀ kò pọ̀, ara òkúta ló ń tán agbára rẹ̀ sí. Bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, omi ń bá omi: Ọ̀fíkì wọ Ọ̀yán, Ọ̀yán wọ Ògùn. Odò á fẹ̀, á jìn, díẹ̀ nínú omi náà ló wá ń ha ilẹ̀. Ní 1953, àwọn ará Amẹ́ríkà méjì, Leopold àti Maddock, fi ìwọ̀n ọ̀pọ̀ odò hàn pé ìyára wọn sábà máa ń lé díẹ̀ sí i nísàlẹ̀.

Ti ẹrẹ̀ ńkọ́? Òkúta ń gbo ara wọn lójú ọ̀nà, wọ́n ń yí róbótó, wọ́n ń kéré sí i. Èyí tó wúwo á kọ́kọ́ jókòó, yanrìn á tẹ̀ lé e, ẹrẹ̀ kúnná ló ń bá omi dé ọ̀dọ̀ yín. Ó dùn mí pé ìsédò Ọ̀yán, láti 1983, ń dá lára yanrìn náà dúró, bẹ́ẹ̀ wọ́n ń wà á lójoojúmọ́ nísàlẹ̀.

Àwọn àgbà ní odò kì í ṣàn kó bojú wẹ̀yìn. Nítòsí ọ̀sà Èkó, ó fẹ́ bojú wẹ̀yìn: bí òkun bá kún, ọ̀sà á kún, á sì ti omi odò padà díẹ̀. Ẹ lọ síbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kí ẹ wo ibi tí ewé tó léfòó ń lọ.