Irin tín-ín-rín ń dá lu mọ́ mi lọ́wọ́, ṣé pulse lè gbà mí?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. MIG, maṣíìnì tó ń ti wáyà jáde fúnra ẹ̀, ni mo fi ń jó irin pẹlẹbẹ tí kò ju 2mm lọ. Tí mo bá gbé kọ́rẹ́ǹtì sókè, á dá lu. Tí mo bá fà á wálẹ̀, wáyà á máa ta pàrà káàkiri, ojú ẹ̀ á wá rí gbágungbàgun. Ẹnì kan ní kí n lọ lo maṣíìnì tó ní pulse. Ṣé kì í ṣe pé wọ́n kàn fẹ́ kí n náwó báyìí?
Wẹ́dà tọ́rọ̀ sú

ÌDÁHÙN: Àbúrò, wọn ò tàn ẹ́ o. Tí kọ́rẹ́ǹtì bá kéré, orí wáyà á yọ́, á wú, á lọ kan irin kó tó já, ibi tó ti ń já yẹn gan-an ló ti ń ta pàrà. Kó tó lè máa kán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láì kan irin, ó níye tí kọ́rẹ́ǹtì gbọ́dọ̀ tó, fún wáyà 1.2mm nínú gáàsì tó ń bo ojú iná, tí argon pọ̀ nínú ẹ̀, ó máa ń tó bíi 250 áńpù, irin 2mm wo ló fẹ́ gba ìyẹn?

Ohun tí pulse ń ṣe ni pé kì í jẹ́ kí kọ́rẹ́ǹtì dúró sójú kan. Á fò sókè, á já ẹ̀kán irin kan ṣoṣo bọ́ sílẹ̀, kí ooru tó pọ̀ á ti sọ̀ kalẹ̀ síbi tó kàn ń tọ́jú iná kó má kú. Jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ká ní 400 áńpù fún mílísẹ́kọ́ǹdù 2, kó wá bọ́ sí 50 áńpù fún mílísẹ́kọ́ǹdù 8. 400 lọ́nà 2 jẹ́ 800, 50 lọ́nà 8 jẹ́ 400, àpapọ̀ ẹ̀ jẹ́ 1,200, pín in sí mílísẹ́kọ́ǹdù 10, 120 áńpù péré ni ìpíndọ́gba ẹ̀, ìgbà 100 ló sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní sẹ́kọ́ǹdù kan. 400 lo fi ń já wáyà, àmọ́ ooru 120 ni irin ń jẹ, ìdí nìyẹn tí kì í fi tètè lu, tí kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ ká kò, kódà wàá lè fi jó èyí tó wà lókè orí ẹ.

Gáàsì ńkọ́? Tó bá jẹ́ CO2 nìkan lò ń lò, gbàgbé pulse. Argon ni kó pọ̀ jù, CO2 inú ẹ̀ kó má kọjá 20 nínú 100. Kó o sì fi etí sílẹ̀: pulse tó dáa máa ń kùn bí agbo oyin, tó o bá ń gbọ́ pàrà-pàrà láàárín ẹ̀, iná ti kúrú jù, wáyà ti ń kan irin nìyẹn, gbé fóltì sókè díẹ̀.

Èyí tó ń bí mi nínú ni àwọn tó ń gbé pulse lọ sórí irin 12mm láì gé etí ẹ̀. Ojú ẹ̀ á dán, oníbàárà á pàtẹ́wọ́, ẹ wá fi ayùn là á, irin méjèèjì ò wọnú ara wọn rárá! Irin tó le, tí carbon ẹ̀ pọ̀, ṣì fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yá a gbóná o. Hydrogen tó máa ń là á lẹ́yìn tó bá ti tutù, pulse kọ́ ló máa lé e lọ.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé TIG, èyí tá a ń fọwọ́ ki ọ̀pá irin sí iná ẹ̀, náà ní pulse?

ÌDÁHÙN: Ó ní in. Ẹ fi sí ìgbà 1 tàbí 2 ní sẹ́kọ́ǹdù kan, bó bá ti tàn yòò kẹ́ ẹ ki ọ̀pá bọ̀ ọ́, bó bá rẹlẹ̀ kẹ́ ẹ sún síwájú.