Ẹ Wo Ọwọ́ Wọn Kí Ẹ Tó Wo Ojú: Ìdáhùn Sí Lẹ́tà Yín

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, olóòtú wa. Mo rí àwòrán ayàwòrán ará Ṣáínà kan tó ń jẹ́ Zeng Fanzhi lórí fóònù, ọkùnrin kan tó wọ súùtì, orí ẹ̀ tóbi, ọwọ́ ẹ̀ wú bíi ti ẹni tí oyin ta, ó wá fi ìbòjú funfun bojú. Ọmọ mi tó wà ní pírámárì ya ọwọ́ tó dáa ju ìyẹn lọ. Ṣé àwọn èèyàn yìí mọ àwòrán yà lóòótọ́ àbí wọ́n kàn ń fi wá ṣeré ni? (Ìyá Ìbejì)

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣé gan-an, Ìyá Ìbejì. Mo rẹ́rìn-ín títí nígbà tí mo ka ti oyin yẹn, torí ohun témi náà kọ́kọ́ rò nìyẹn. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ ọ́n yà o. Kódà wọ́n mọ̀ ọ́n yà débi tó fi sú wọn.

Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀. Láàárín 1955 sí 1957, olùkọ́ kan láti Soviet, Konstantin Maksimov, wá sí Beijing wá kọ́ àwọn ayàwòrán Ṣáínà bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀dà olóróró yàwòrán, ọ̀nà àwọn ará Soviet yẹn náà ni wọ́n sì ń tẹ̀ lé nílé-ìwé fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ẹ̀, kí ojú jọ ojú, kí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ wà níbi tó yẹ kó wà. Nígbà tí wàhálà Ìyípadà Àṣà (Cultural Revolution) tí Mao, olórí Ṣáínà, dá sílẹ̀ wá bẹ́, láti 1966 sí 1976, ojú Mao ni ojú tí wọ́n ń yà jù, ìlànà sì wà fún un: kó pọ́n, kó mọ́lẹ̀, kó máa dán. Kò gbọdọ̀ rẹ̀ ẹ́, kò gbọdọ̀ ronú. Ṣé ẹ rí i, ojú èèyàn ti di pátákó.

Ìgbà tó di 1980 ni Luo Zhongli, ọmọ iléèwé ọnà ní Sichuan, gbé àwòrán kan jáde tó pè ní “Bàbá”. Àgbẹ̀ kan ni, ojú ẹ̀ hun jọ bí ilẹ̀ tí ọ̀dá mú, ó gbé abọ́ tíì dání, òógùn wà lára ẹ̀, àwòrán yẹn sì ga ju mítà méjì lọ, ìwọ̀n tó jẹ́ pé Mao nìkan ni wọ́n ń yà bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀! Ohun tó fa àwòrán ọ̀hún ni àgbẹ̀ kan tí Luo rí lálẹ́ àìsùn ọdún tuntun wọn, tó dúró nínú òtútù lẹ́bàá ilé ìgbẹ́ gbogbogbòò, tó ń ṣọ́ ìgbẹ́ tí wọ́n máa fi ṣe ajílẹ̀. Wọ́n ní kí Luo fi bírò há àgbẹ̀ náà létí, kó lè hàn pé àgbẹ̀ ayé tuntun tó mọ̀wé ni. Èmi ò fẹ́ràn bírò yẹn rárá, ó dà bí ìgbà tí wọ́n bá gbowó ibodè lọ́wọ́ àwòrán kí wọ́n tó jẹ́ kó kọjá.

Ká wá padà sórí Zeng yín. Wuhan ni wọ́n bí i sí ní 1964. Nígbà tó ń kàwé, ilé tó ń gbé ò ní tọ́ílẹ́ẹ̀tì, ọsibítù tó wà nítòsí ló máa ń lọ lò, ojoojúmọ́ ló ń kọjá lára àwọn aláìsàn tó tò kalẹ̀ tí wọ́n ń dúró. Àwọn alápatà náà wà ládùúgbò, tí ooru bá sì mú jù àwọn èèyàn á lọ sùn sórí ẹran dídì kí ara lè tù wọ́n, ẹ foju inú wò ó, èèyàn lórí ẹran. Ó yà wọ́n, ó ya ọsibítù, awọ èèyàn àti ẹran wá di àwọ̀ kan náà. Ibẹ̀ ni ọwọ́ pípọ́n tẹ́ ẹ rí yẹn ti wá, kì í ṣe oyin.

Ní 1993 ó kó lọ sí Beijing, kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ẹnì kan, gbogbo èèyàn ló wọ súùtì tó ń rẹ́rìn-ín síra wọn, ọdún tó tẹ̀ lé e ló bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìbòjú. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe ni kẹ́ ẹ fẹ àwòrán yẹn lójú lórí fóònù. Lójú ìbòjú yẹn, ó ti fi ọ̀bẹ ìyàwòrán họ ọ̀dà ẹ̀ títí tó fi tẹ́ pẹrẹsẹ tó ń dán, ṣùgbọ́n níbi ọwọ́, búrọ́ṣì ló fi ń fà á wìrìwìrì, iṣan yọ, oríkèé ìka rí ṣóńṣó. Àwa máa ń sọ pé ojú lọ̀rọ̀ wà, àbí? Ó ti ti ojú pa, ọ̀rọ̀ wá sá lọ sọ́wọ́. Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín yẹn, ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n.

Àwọn kan á ní ọ̀dọ̀ àwọn ará Jámánì ló ti kọ́ ọ, lóòótọ́ ó fẹ́ràn Max Beckmann. Ṣùgbọ́n ó ti lé ní 1,600 ọdún tí ayàwòrán àtijọ́ kan, Gu Kaizhi, ti ń ya èèyàn ní Ṣáínà láì fi ẹyinjú sí i fún ọdún bíi mélòó kan, wọ́n bi í, ó ní bí ara dáa bí kò dáa kò já mọ́ nǹkan kan, inú ẹyinjú yẹn lẹ̀mí wà. Kéèyàn máa lépa ẹ̀mí ju ìjọra lọ kì í ṣe nǹkan àjèjì níbẹ̀.

Tí ẹ bá wá fẹ́ rí ẹni tó gbóná jù, ẹ wá Yan Pei-Ming, ará Shanghai tó kó lọ sí Dijon ní Faransé ní 1980. Búrọ́ṣì ńláńlá ló ń lò, dúdú àti funfun tàbí pupa àti funfun. Tẹ́ ẹ bá sún mọ́ ọn, ọ̀dà tó ń ṣàn nìkan lẹ máa rí. Ẹ fà sẹ́yìn, bàbá ẹ̀ ló ń wò yín.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń ra irú àwòrán báyìí? (Kúnlé)

ÌDÁHÙN: Àwọn olówó, bùròdá! “Oúnjẹ Alẹ́ Ìkẹyìn” tí Zeng yà ní 2001, 180.4 mílíọ̀nù dọ́là Hong Kong ni wọ́n tà á ní Sotheby's, ilé tí wọ́n ti ń ta ọjà ní gbàǹjo, ní Hong Kong ní 2013. Àwọn ọmọ iléèwé tó wọ ìbòjú ló jókòó sídìí tábìlì níbẹ̀, bàrà pupa ni wọ́n ń jẹ, gbogbo wọn ló so sìkáàfù pupa ẹgbẹ́ ọmọdé ìjọba Kọ́múnísíìtì mọ́rùn. Ẹni tó dúró fún Júdásì nìkan ni ò so ó. Táì aláwọ̀ góòlù ló wà lọ́rùn tiẹ̀.