Ọ́nárébù ti sọ̀rọ̀ afárá wa nílé aṣòfin, kí ló kù ká ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé ní àdúgbò kan n'Ìbàdàn. Òjò ọdún tó kọjá ló gbé afárá kékeré tó wà lójú pópó wa lọ. Orí pákó làwọn ọmọ iléèwé ń gbà kọjá, mọ́tò ò sì lè wọlé mọ́. Nínú oṣù kẹwàá, ọ́nárébù wa nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ dìde sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, gbogbo ilé fara mọ́ ọn, a tilẹ̀ rí i lórí tẹlifíṣọ̀n. Oṣù kẹfà la wà yìí, ẹnikẹ́ni ò tíì débẹ̀. Àwọn kan nínú wa ní kó ṣòfin lé e lórí. Àwọn mìíràn ní kó fowó ara rẹ̀ tún un ṣe, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ká yọ ọ́ nípò. Kí ló yẹ ká béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìfaradà, ẹ sì kú àmójútó àdúgbò. Ìlà kan nínú ìwé ìṣúná ọdún tó ń bọ̀ ni kí ẹ béèrè, kí orúkọ òpópó yín àti iye owó sì wà lórí ìlà náà. Oṣù kẹfà yìí ló yẹ kí ẹ bẹ̀rẹ̀. Mo ti ṣe akọ̀wé fún ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin pẹ́, mo sì ti rí i léraléra pé àdúgbò tó bá tètè dé, kí wọ́n tó ka ìṣúná síta, ló máa ń rí nǹkan gbà.

Àbá ni ohun tí ẹ rí lórí tẹlifíṣọ̀n yẹn. Ọ́nárébù ní kí ilé rọ gómìnà láti tún afárá ṣe, ilé gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fi ìpinnu náà ránṣẹ́ sí gómìnà. Kò sí òfin tó sọ pé dandan ni kí gómìnà ṣe ohun tí àbá wí. Ọ̀rọ̀ yín ti wọ àkọsílẹ̀ ilé, ìyẹn dára, ẹ ó sì rí ibi tí ẹ máa lò ó. Àmọ́ kò sí kọ́bọ̀ kan nínú àbá.

Àbádòfin ní tirẹ̀ lágbára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ilé máa kà á; lẹ́yìn kíkà ẹlẹ́ẹ̀kejì, ìgbìmọ̀ kan á tú u wò, wọ́n sì lè pe ará ìlú wá sọ tẹnu wọn. Bí ilé bá fọwọ́ sí i, ó di ọ̀dọ̀ gómìnà. Abala 100 nínú ìwé òfin ọdún 1999 fún gómìnà ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti buwọ́ lù ú. Bó bá kọ̀, tí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin sì tún fọwọ́ sí i, ó di òfin láìsí ìbuwọ́lù rẹ̀. Aṣòfin 32 ló wà nílé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, nítorí náà ènìyàn 22 ló máa ṣe é. Agbára ńlá nìyẹn. Síbẹ̀, òfin nípa ojú ọ̀nà kì í dárúkọ afárá kan báyìí. Ẹni tó ní àṣẹ láti ṣe ọ̀nà àti ìyà tó wà fún ẹni tó bà á jẹ́ ló máa ń sọ. Òfin ìṣúná, tí wọ́n ń ṣe lọ́dọọdún, ló máa ń dárúkọ iṣẹ́ tó sì ń gbé owó lé e. Àwọn tó ní kí ọ́nárébù ṣòfin kò jìnnà sí òótọ́, òfin yìí gan-an ló yẹ kí wọ́n tọ́ka sí.

Ibi tí ọ̀pọ̀ àdúgbò ti ń pàdánù nìyí. Gómìnà ni abala 121 ní kó gbé ìṣúná síwájú ilé kí ọdún tuntun tó wọlé. Ọ́nárébù ò lè gbé tirẹ̀ wá. Kí gómìnà tó gbé e dé, àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba ti ń kọ ohun tí wọ́n fẹ́ sílẹ̀ láti àárín ọdún, wọ́n sì ti mọ iye owó tí wọn ò gbọdọ̀ kọjá. Nígbà tí ìwé yẹn bá fi máa dé ilé aṣòfin ní Agodi ní òpin ọdún, àyè tó kù nínú rẹ̀ kò tó nǹkan mọ́. Lóòótọ́, kọmíṣọ́nà á wá ṣàlàyé ìṣúná rẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀, ọ́nárébù yín sì lè bi í pé èéṣe tí iṣẹ́ yìí fi wà níbí tí ìyẹn kò sí. Ṣùgbọ́n awuyewuye kì í tán lórí bí ilé ṣe lè fi iṣẹ́ tuntun kún ohun tí gómìnà gbé wá tó. Èyí tí ilé iṣẹ́ ìjọba fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ló máa ń dúró. Nítorí náà, ẹ ní kí ọ́nárébù mú yín lọ sílé iṣẹ́ tó ń mójú tó iṣẹ́ òde nísinsìnyí. Kó jókòó tì yín níbẹ̀ lọ́jọ́ kan dára ju àbá mẹ́wàá lọ.

Kí ẹ tó lọ, ẹ wádìí ẹni tó ni ọ̀nà náà: ìjọba àpapọ̀ ni, ìpínlẹ̀ ni, àbí ìjọba ìbílẹ̀? Ìwé òfin ka òpópó àdúgbò àti gọ́tà mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, bí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ bá ṣe là á kalẹ̀. Bí ọ̀nà yín bá jẹ́ tiwọn, ìṣúná kánsù ni kí ẹ wá a sí, kánsẹ́lọ̀ yín sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí ẹ máa rí. Ní oṣù keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn, ẹ lè fi èyí bá alága sọ̀rọ̀. Nípa àwọn ọmọ iléèwé, ẹ má dúró de ìṣúná kankan. Òjò ti dé. Ẹ kọ lẹ́tà ọ̀tọ̀ sí kánsù lọ́sẹ̀ yìí pé kí wọ́n wá fi nǹkan tó lágbára dí ibẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Láàárín ọdún 2018 sí 2022, Báńkì Àgbáyé fún àwọn ìpínlẹ̀ lówó lórí àdéhùn pé kí wọ́n máa gbé ìṣúná wọn síta kí wọ́n sì máa gbọ́ èrò ará ìlú. Àǹfààní tó kù níbẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ń pe ìpàdé ìjíròrò lórí ìṣúná. Ẹ bèèrè ọjọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ ọ́nárébù, kí ẹ sì rán ènìyàn lọ.

Ẹ jẹ́ kí lẹ́tà yín kúrú. Mo ti rí lẹ́tà tó béèrè ọ̀nà, iná, omi, ọjà, iléèwé àti ọkọ̀ ọlọ́pàá lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó gbà á kò mọ èyí tó máa mú. Afárá nìkan ni kí ẹ kọ. Ẹ fi fọ́tò sí i, ẹ sọ ibi tó wà gan-an, iléèwé tó wà lódìkejì, àti iye owó tí ẹnjiníà kan bá yín fojú bù. Ẹ mú ìpinnu ilé ti oṣù kẹwàá mọ́ ọn, ibẹ̀ ló ti máa wúlò. Bí wọ́n bá ní àwọn ti fi yín sínú "àtúnṣe ojú ọ̀nà káàkiri ìpínlẹ̀", ẹ má gbà. Owó tí kò lórúkọ, ibikíbi ni wọ́n lè ná an sí.

Nígbà tí ilé bá fọwọ́ sí ìṣúná tán, iṣẹ́ yín kò tíì parí. Owó tó wà nínú ìwé kò tíì sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Owó oṣù àti gbèsè ni ìjọba máa ń kọ́kọ́ san. Iṣẹ́ àkànṣe a máa dúró de ohun tó bá kù. Àwọn ìpínlẹ̀ ń gbé ìròyìn ìṣúná jáde ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta: ẹ wo iye tí wọ́n fọwọ́ sí, kí ẹ wo iye tí wọ́n ti ná. Bí òdo bá ṣì wà níwájú afárá yín lẹ́yìn oṣù kẹfà, ìgbà yẹn gan-an ni ọ́nárébù ní iṣẹ́ tí ẹlòmíì ò lè bá a ṣe. Abala 128 àti 129 fún ilé lágbára láti ṣèwádìí àti láti pe ènìyàn wá jẹ́rìí. Kó ní kí ìgbìmọ̀ pe kọmíṣọ́nà. Ẹ̀yin náà lè kọ̀wé béèrè àkọsílẹ̀ lábẹ́ òfin òmìnira ìròyìn ti ọdún 2011, ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti dáhùn. Ní 2025, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé òfin náà de àwọn ìpínlẹ̀. Bí gómìnà bá sì gbé àfikún ìṣúná wá láàárín ọdún yìí, ẹ sáré bá ọ́nárébù, ó lè jẹ́ ibẹ̀ ni ẹ máa gbà wọlé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kó fowó ara rẹ̀ ṣe é. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti máa ń tò síwájú ilé àwọn aṣòfin wa nítorí owó iléèwé, owó ilé ìwòsàn àti ìnáwó òkú. Ẹni tó bá ń wá owó yẹn kiri kò ní ráyè ka ìwé ìṣúná, bẹ́ẹ̀ ni kò ní lẹ́nu láti bi kọmíṣọ́nà tó ràn án lọ́wọ́ ní ìbéèrè.

Ní ti yíyọ ọ́ nípò, abala 110 fàyè gbà á. Ohun tó lé ní ìdajì gbogbo àwọn tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò ní ẹkùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé ẹ̀hónú náà, kí àjọ elétò ìdìbò tó ṣe ìdìbò lórí rẹ̀ láàárín 90 ọjọ́. Bí ẹ bá lágbára láti kó ìdá mẹ́wàá irú ìfọwọ́sí yẹn jọ, ẹ kọ́kọ́ fi sí ìdí lẹ́tà afárá, kí ẹ sì gbé e lé e lọ́wọ́ kí oṣù yìí tó parí.