Kóńgò mélòó ni "advice"?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, tíṣà. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwa ẹlẹ́ja kan níbí ní Ẹ̀pẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kan wá kọ́ wa bí a ṣe lè máa yan ẹja láìjẹ́ kí èéfín pa wá lójú. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ wá ní kí n kọ lẹ́tà ìdúpẹ́ sí wọn. Mo kọ ọ́ báyìí: "We thank you for your many advices and we will do all of them." Ọmọ mi tó wà ní SS2 kà á, ló bá bú sẹ́rìn-ín, ó ní kò sí ohun tó ń jẹ́ "advices". Ó tún ní níbi tí mo ti kọ "we advice you to come again", "s" ló yẹ kó wà níbẹ̀. Èyí tó wá rú mi lójú jù ni pé báńkì wa fi ìwé kan ránṣẹ́ tí wọ́n kọ "Debit Advice" gàdàgbà sí lórí. Owó ni wọ́n yọ, wọn ò gbà wá nímọ̀ràn kankan. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ọ̀rọ̀ yìí gan-an?

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ kú iṣẹ́ ẹgbẹ́ o. Ọmọ yín jàre, àmọ́ ẹ bá mi sọ fún un pé kó má rẹ́rìn-ín mọ́. Àṣìṣe yìí kì í ṣe ti aláìmọ̀ọ́kà. Ẹni tó ń fi Yorùbá ronú ni í ṣe é, torí ohun tí Yorùbá gbà láyè ni Gẹ̀ẹ́sì kọ̀.

Ìmọ̀ràn, láti ara "mọ̀" àti "ọ̀ràn" ni: ẹni tó mọ ọ̀ràn ló lè gbani nímọ̀ràn. Àwa máa ń kà á ní ẹyọ. "Ìmọ̀ràn méjì ni mo fẹ́ gbà ọ́," kò sẹ́ni tí yóò ní kí ẹ tún un sọ. Lẹ́nu Gẹ̀ẹ́sì, gàrí ni "advice".

Ẹ jẹ́ ká lọ sọ́jà Sábó ní Ìkòròdú níbí. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ oní-gàrí, ẹ ò ní sọ pé "ẹ wọn gàrí mẹ́ta fún mi". Á kàn tẹjú mọ́ yín ni: gàrí mẹ́ta báwo? Kóńgò mẹ́ta lẹ máa ní. Ìgbà yẹn ló máa bù ú, á kó o gègèrè lórí kóńgò títí táá fi máa dà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, á tún wá bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e tó bá jẹ́ ọlọ́wọ́ ènì. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá yà sọ́dọ̀ ẹlẹ́ja, "ẹja mẹ́ta" ti tó. Ẹja ní ẹyọ, gàrí ò ní, àfi ká wá nǹkan wọ̀n ọ́n.

Bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe pín àwọn ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìyẹn, wọ́n kàn wá pín àwọn ohun tí kò ṣeé fojú rí mọ́ ọn. "Suggestion", ẹja ni: one suggestion, five suggestions. "Advice", gàrí ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni "information", "furniture", "equipment" àti "luggage", tí a máa ń rí "s" lẹ́yìn wọn lára ògiri ṣọ́ọ̀bù káàkiri ìlú. Ẹ má bi mí pé kí ló dé. Mi ò mọ ọgbọ́n kankan tó wà níbẹ̀ ju pé bí àwọn ẹlẹ́nu ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn.

Kóńgò tí wọ́n fi ń wọn "advice" ni "piece": a piece of advice, three pieces of advice. "A word of advice" náà wà, ìyẹn dà bí ìgbà tí àgbà bá fa èèyàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tó ní "gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu mi". Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí "piece" di àrùn sí yín lọ́wọ́ bó ti di sí àwọn ọmọ iléèwé mi lọ́wọ́. Tẹ́ ẹ bá rán ọmọ lọ́jà, ṣebí "lọ ra gàrí wá" lẹ ń sọ nígbà mìíràn, ẹ ò dárúkọ kóńgò. "Some advice" tàbí "your advice" ti tó nínú lẹ́tà mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá.

Ibi tó ti ń fì wá ṣubú jù ni àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tó yí i ká. "Púpọ̀" kan ṣoṣo la ní, Gẹ̀ẹ́sì ní méjì: "many" fún ẹja, "much" fún gàrí. "Díẹ̀" kan ṣoṣo la ní, wọ́n ní "few" àti "little". Nítorí náà "many advices" yín, àṣìṣe méjì ló so pọ̀ níbẹ̀. Yíyọ "s" nìkan, bí ọmọ yín ṣe fẹ́, kò tíì tó, torí "many advice" náà ò dáa. Lẹ́yìn ìyẹn ni "them" wá. Bí ìmọ̀ràn tí wọ́n gbà yín ìbáà tó ogún, "it" ni yóò dúró fún un. "Do" náà ò bá a rìn. Èyí rọrùn, torí bí a ṣe ń sọ ọ́ nílé náà ni: a máa ń gba ìmọ̀ràn, a sì máa ń tẹ̀ lé e. Take advice, follow advice.

Ó kan "c" àti "s". Nínú álífábẹ́ẹ̀tì wa, kò sí "c", kò sí "v", kò sí "z". "Advice" ní méjì nínú wọn, ohùn "z" sì wà ní ìdí "advise" bó tilẹ̀ jẹ́ pé "s" ni wọ́n kọ síbẹ̀. Abájọ tí méjèèjì fi ń jáde bákan náà lẹ́nu wa, tí ọwọ́ ò sì mọ èyí tí yóò kọ. Níbi iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe, kí n tó di tíṣà, mo kọ "I advice" sínú lẹ́tà kan. Ọ̀gá mi fi bírò pupa yí i po, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó kí gbogbo ọ́fíìsì lè rí i. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ojú tì yín bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ gba èyí.

Áìsì tí ẹ ń kó lé ẹja lórí ní ọjà Olúwo, "ice", ó wà ní ìdí "advice". Ohun tí a lè gbé fúnni ni áìsì, ohun tí a ń fúnni náà ni "advice". "S" ti "advise", ẹ fi í rántí "ṣe": ohun tí èèyàn ń ṣe ni. Kí ẹ sì lè gbọ́ ìyàtọ̀ wọn, ẹ fi ìka kan ọ̀fun yín, kí ẹ pe "ice". Ọ̀fun á dákẹ́ ní ìparí. Ẹ wá pe "wise" kí ẹ fà á díẹ̀. Tí ẹ bá pè é dáadáa, ẹ ó gbọ́ tí yóò máa gbọ̀n lábẹ́ ìka yín bí oyin tó ń kùn. "Advise" ń gbọ̀n, "advice" kì í gbọ̀n.

Ti báńkì ńkọ́? Inú Faransé àtijọ́ ni Gẹ̀ẹ́sì ti mú ọ̀rọ̀ yìí, láti ara "avis", èrò ẹni. Ẹni tó bá gba Àgbádárìgì kọjá Sẹ̀mẹ̀ lọ sí Kútọnu á rí "AVIS" lórí ìwé ìkéde títí dòní, torí lọ́dọ̀ àwọn Faransé, ọ̀rọ̀ kan náà ló wà fún èrò àti fún ìfitónilétí. Ìtumọ̀ kejì yìí ló ṣẹ́ kù sọ́wọ́ àwọn oníṣòwò àti báńkì nínú Gẹ̀ẹ́sì. "Debit Advice" ò gbà yín nímọ̀ràn lóòótọ́. Ó ń fi tó yín létí pé owó ti jáde nínú àpò yín ni. Ibẹ̀ nìkan, màmá, ni ó ti di ẹja: báńkì lè kọ "an advice", wọ́n lè kọ "advices", torí ìwé tó ṣeé kà ní ẹyọ ni. Ẹ má yá a lò níta báńkì o.

Lẹ́tà yín wá di: "Thank you for all your advice on smoking fish. We have started to follow it."

Ó ku gbólóhùn ìparí yẹn, èmi ò sì fara mọ́ ọn kódà tí ẹ bá fi "s" sí i. "We advise you to come again", létí ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, ó dà bí ìgbà tí ọlọ́pàá ń kìlọ̀ fún awakọ̀. Àlejò tó ṣe yín lóore kọ́ là ń kọ irú ẹ̀ sí. Ẹ kọ "We hope you will visit us again." Tí ẹ bá sì lè di ẹja yíyan díẹ̀ mọ́ lẹ́tà náà, wọn ò ní wo gírámà.