Ìbéèrè Yín: Ṣé Probiotics Lè Yọ Ọ̀rá Ikùn?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, mo kí yín o. Èlùbọ́ ni mò ń tà ní Ọjà Ọba, ní Adó-Èkìtì. Láti ìgbà tí mo ti bí àbígbẹ̀yìn mi ni mo ti ń sanra sí i, dókítà tó ń fún mi ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sì ti kìlọ̀ fún mi nípa ikùn mi. Obìnrin kan wá ń ta oògùn oníhóró kan tó pè ní probiotics fún wa, ó ní àwọn kòkòrò rere inú rẹ̀ a máa jẹ ọ̀rá tán. Ọmọ mi ní kí n má rà á, pé irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ wà nínú ògì tí mò ń mu láràárọ̀. Ta ni kí n gbà gbọ́?

Ìdáhùn: Ẹ kú ọjà o, ìyá wa. Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n kò pé. Probiotics ni à ń pe àwọn bakitéríà abẹ̀mí tó ń ṣe ara láǹfààní bí a bá jẹ wọ́n ní ìwọ̀n tó tó. Wọn kì í jẹ ọ̀rá. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé bí àwọn bakitéríà inú ìfun ńlá bá rí èèpo ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ tí inú wa kò lè dà, wọn a sọ ọ́ di àwọn ásíìdì kan tó ń mú kí ìfun tú họ́mónù sílẹ̀, họ́mónù náà a sì jẹ́ kí ọpọlọ mọ̀ pé a ti yó.

Ní Jàpáánì, nínú ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2010, àwọn àgbàlagbà 87 mu wàrà kíkan, gíráàmù 200 lójúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ 12. Ọ̀rá inú ikùn àwọn tí bakitéríà kan tó ń jẹ́ Lactobacillus gasseri SBT2055 wà nínú wàrà tiwọn fi nǹkan bí ìdá 4.6 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù, ìwọ̀n ara wọn sì fi ìdá 1.4 dín kù. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: bí ènìyàn bá wọn kílò 80, ohun tó bọ́ lára rẹ̀ kò ju kílò kan àti díẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n tún ṣe irú rẹ̀ fún ènìyàn 210, ní ọdún 2013, wọ́n rí i pé àǹfààní náà ti ń yẹ̀ lọ́sẹ̀ mẹ́rin péré lẹ́yìn tí wọ́n dáwọ́ mímu rẹ̀ dúró. Ní Quebec, ní Kánádà, wọ́n fi irú mìíràn, Lactobacillus rhamnosus, kún oúnjẹ tí wọ́n dín kù fún àwọn tó sanra jù. Ó ran àwọn obìnrin lọ́wọ́, kò sì ṣe ìyàtọ̀ kankan fún àwọn ọkùnrin. Nítorí náà, bí a kò bá kọ orúkọ bakitéríà náà àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀, bíi SBT2055 yẹn, sára páálí, kò sí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè sọ ohun tí oògùn náà yóò ṣe. Ó ń dùn mí gan-an bí wọ́n ṣe ń fi ìlérí gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń wá àlàáfíà.

Ọmọ yín kò parọ́ nípa ògì. Lactobacillus wà lára ohun tó ń mú un kan lẹ́yìn tí a bá ti rẹ àgbàdo, tí a lọ̀ ọ́, tí a sì sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n omi tó ń hó yaya ni a ń dà sórí ògì pípò títí yóò fi dì, ooru yẹn a sì pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Bí a bá tún wá da ṣúgà lé e lórí, ikùn náà ni à ń bọ́. Mi ò ní kí ẹ máa mu omi orí ògì tútù o, nítorí omi tí a fi sẹ́ ẹ lè ní kòkòrò àrùn nínú.

Ní tèmi, ẹ fi owó oògùn yẹn ra ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, kí àwọn bakitéríà tó ti wà nínú yín rí oúnjẹ jẹ. Ẹ má fi iyán sílẹ̀, ẹ kàn dín òkèlè rẹ̀ kù, kí ẹ̀fọ́ inú àwo pọ̀ jù ú lọ. Bí ẹ bá fẹ́ yọ́gọ́ọ̀tì, ẹ ra èyí tí kò ní ṣúgà. Ẹ má sì torí probiotics kankan fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín sílẹ̀. Bí ẹnìkan nínú ilé bá wà tó ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ, tàbí tí agbára ara rẹ̀ láti gbógun ti àrùn ti dín kù, kí ó béèrè lọ́wọ́ dókítà rẹ̀ kó tó fọwọ́ kan irú oògùn bẹ́ẹ̀.