Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo pààrọ̀ béárìn kọ́nróòdù Corolla mi kó tó gbọ́

Bọ̀dá mi, ẹ kọ́kọ́ pa mọ́tò yẹn ná. Ẹ ní Corolla yín ń dún kọ-kọ-kọ nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì tẹ́ ẹ bá ti tẹ iná sí i, ẹ wá ń béèrè bóyá ẹ lè ra béárìn kọ́nróòdù, ìyẹn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà láàárín kránkì, irin gbọọrọ tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì, àti kọ́nróòdù, apá irin tó so písítìn mọ́ ọn, kẹ́ ẹ fúnra yín pààrọ̀ ẹ̀ ní àgbàlá ilé láì já ẹ́ńjìnnì sílẹ̀. Ó ṣe é ṣe. Èmi ṣe é lábẹ́ igi máńgòrò nílé wa ní Òkè-Báálẹ̀ l'Óṣogbo, mi ò sì kì í ṣe mẹkáníìkì, físíìsì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣe é, ìgbà àkọ́kọ́ yẹn ló ń dùn mí títí dòní.

Ẹ́ńjìnnì 1ZZ ló wà nínú tèmi, ẹni tó bá ti lò ó pẹ́ mọ̀ pé tó bá ti gbó, ó máa ń jẹ ọ́ìlì bí ẹni ń mu ògì. Mi ò yẹ gééjì ọ́ìlì wò fún bí oṣù méjì. Ọjọ́ tí mo máa fà á yọ, ṣónṣó ẹ̀ nìkan ni ọ́ìlì kàn. Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ tí mo pè ò tiẹ̀ dọ̀bálẹ̀ wo abẹ́ mọ́tò, ó kàn ní kí n lọ ra ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀. Èkejì ní rárá, béárìn lásán ni, kí n ra STD wá, ìyẹn ìwọ̀n tó bá kránkì tí wọn ò tíì lọ̀ rí mu. Mo ránṣẹ́ sí Gate n'Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò, ẹni tó tà á fún wa fi orí ìyá ẹ̀ búra pé ojúlówó ni. Mo ti ra béárìn kí n tó mọ bí kránkì ṣe rí! Ẹ ṣàkíyèsí ibẹ̀ yẹn dáadáa, torí ohun tẹ́yin náà fẹ́ ṣe nìyẹn.

A já sọ́ǹpù, abọ́ ọ́ìlì tó wà nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Béárìn nọ́ńbà 3 ti jẹ débi pé ojú ẹ̀ ti pọ́n bíi bàbà, ìlà-ìlà sì wà lára kránkì níbi tó jókòó sí. Mo fi èékánná họ ọ́, èékánná kọ́. Mẹkáníìkì kejì yẹn ní ìyẹn ò ṣe nǹkan kan, ó fi sáńpépà yí i ká, ó fi okùn bàtà máa fà á síwá sẹ́yìn bí ẹni ń fi okùn yún igi, lẹ́yìn náà ó ya fóìlì inú pákẹ́ẹ̀tì sígá, ó tẹ́ ẹ sẹ́yìn béárìn, ó ní káàyè ẹ̀ lè fún pọ̀ dáadáa. Èmi ni mo di tọ́ọ̀ṣì mú fún un o. Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ bí wọ́n ṣe ń ka máíkírómítà, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn ohun tín-ín-rín! Ààyè tó yẹ kó wà láàárín béárìn àti kránkì ò tó ìnípọn irun orí kan, inú ààyè yẹn lọ́ìlì ń gbà kọjá tí irin ò fi kan irin, òun la wá fi pépà sígá dí, kránkì tá a sì fi sáńpépà ha, kò rí róbótó mọ́.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi dákẹ́. Inú mi ń dùn, mo ti ń sọ fún gbogbo ará ilé pé mo ti mọ mẹkáníìkì. Ọjọ́ kẹrin à ń lọ síbi ìsọmọlórúkọ n'Ìbàdàn, ìyàwó mi àti ìyá ẹ̀ wà lẹ́yìn, a ti kọjá Gbọ̀ngán, ó ku díẹ̀ ká dé Ìkirè ni mo gbọ́ kọ, mo ṣe bíi pé mi ò gbọ́, ó tún dún, kí n tó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ó ti há pátápátá, kò yí mọ́. Ìyá ìyàwó mi ra dòdò Ìkirè, wọ́n jókòó síbòji, wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n nu ọwọ́, wọ́n wá ní, "Bàbá Ayọ̀, ṣé ẹ ò wá rí mẹkáníìkì gidi pè ni?" Mi ò lè dáhùn. Bí wọ́n ṣe ń fi okùn wọ́ wa bọ̀ wálé, àwọn kan tó wọ aṣọ ìjọba tún dá wa dúró, wọ́n ní kí ló dé tí iná ẹ̀yìn mi ò tàn. Mọ́tò tí wọ́n fi okùn wọ́! Wákàtí kan gbáko la lò níbẹ̀.

Nítorí náà ìdáhùn mi rèé. Tẹ́ ẹ bá já kápù kọ́nróòdù, ìdérí tó di béárìn mọ́ kránkì, tẹ́ ẹ fi èékánná họ kránkì, tó ń dán tí èékánná ò kọ́, ẹ lè pààrọ̀ béárìn lábẹ́ mọ́tò níbẹ̀. Tí èékánná bá ti lè kọ́, ẹ já ẹ́ńjìnnì sílẹ̀, ẹ yọ kránkì lọ fún àwọn tó ń lọ̀ ọ́, kò sí ọ̀nà ẹ̀bùrú. Kódà kẹ́ ẹ kíyè sí àwọn náà, torí ẹni tí mo kọ́kọ́ gbé tèmi lọ bá kàn fojú wò ó ló ní tóun bá lọ̀ 0.25 mm kúrò lára ẹ̀, á tó o. Ojú! Bàbá kan tó ti ṣiṣẹ́ rí ní Machine Tools, iléeṣẹ́ tó ń ṣe irinṣẹ́ l'Óṣogbo, ló gbà mí, wọ́n fi máíkírómítà wọ̀n ọ́n lókè, wọ́n wọ̀n ọ́n nísàlẹ̀, wọ́n tún wọ̀n ọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ní ó ti rí bí ẹyin, 0.50 ló máa gbé e. Ìgbà yẹn la tó lọ ra béárìn 0.50, èyí tó nípọn ju STD lọ kó lè dí ohun tí wọ́n lọ̀ kúrò.

Ohun tó tiẹ̀ bí mi nínú jù ni pé àwọn méjèèjì àkọ́kọ́ ò wo asẹ́ tó ń fa ọ́ìlì nínú sọ́ǹpù. Gọ́ọ̀mù gásíkẹ́ẹ̀tì tẹ́nì kan ti fi rẹpẹtẹ lẹ sọ́ǹpù nígbà kan rí ti já bọ́ sínú, ó dí asẹ́ yẹn dé ìdajì. Àìkún ọ́ìlì àti asẹ́ tó dí ló pa béárìn, béárìn tuntun mẹ́wàá ì bá kú síbẹ̀. Ẹ fọ asẹ́ yẹn kó mọ́ tónítóní, tẹ́ ẹ bá sì máa lẹ sọ́ǹpù padà, gọ́ọ̀mù tẹ́ẹ́rẹ́ ni o.

Ìyókù ò le. Ẹ gbé mọ́tò sókè, ẹ tú ọ́ìlì, ẹ yọ sọ́ǹpù, ẹ máa yí kránkì kí kọ́nróòdù tẹ́ ẹ fẹ́ tú sọ̀ kalẹ̀, 1 àti 4 jọ ń sọ̀ ni, 2 àti 3 náà bẹ́ẹ̀. Ẹ pààrọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kì í ṣe ẹyọ kan. Àmọ́ ẹ má gbé mọ́tò lé búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ǹtì láéláé, ó máa ń fọ́ lójijì ni, ẹ má sì wọ abẹ́ ẹ̀ lórí jáàkì nìkan, ẹ wá ìdúró onírin.

Ẹ kọ nọ́ńbà sí kápù kọ̀ọ̀kan àti ìhà tó kọjú sí, ẹ ò gbọdọ̀ pààrọ̀ wọn fún ara wọn. Ẹ̀yìn béárìn gbọ́dọ̀ gbẹ kó mọ́, ojú ẹ̀ tó kọ sí kránkì ni kẹ́ ẹ fi ọ́ìlì pa. Tẹ́ ẹ bá rí Plastigage rà, okùn ọ̀rá rírọ̀ tó máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ tí wọ́n bá fún un, ẹ fi ṣẹ́rẹ́ kan dán ààyè ẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó fi ọ́ìlì sí i rárá, ẹ dè é dé ìwọ̀n, ẹ tú u, ẹ wo bó ṣe fẹ̀ tó, ẹ má yí kránkì tó bá ṣì wà níbẹ̀. Bóòtù, tuntun ló dáa jù. Tọ́ọ̀kì sípánà, èyí tó ń ka agbára tẹ́ ẹ fi ń dè é, ni kẹ́ ẹ lò, ẹ yá a tẹ́ ẹ ò bá ní. Ti 1ZZ, 20 Nm ni, lẹ́yìn náà ẹ fi ọ̀dà sàmì sórí bóòtù kẹ́ ẹ yí i ní dígírì 90 sí i. Ẹ́ńjìnnì míì yàtọ̀ o, ẹ wo ìwé ẹ̀. Ẹni tó bá ní agbára apá òun ti mọ ìwọ̀n, ẹ fún un lómi mu kó máa lọ.

Kẹ́ ẹ tó tan án, ẹ yọ fíúsì EFI kí ẹ́ńjìnnì má baà tan, ẹ máa yí kọ́kọ́rọ́ díẹ̀díẹ̀ títí iná ọ́ìlì á fi kú. Èmi tún ọ́ìlì dà nù lẹ́yìn 500 km, mo dà á gba inú aṣọ funfun, ẹ̀rún irin díẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, mo tún un dà lẹ́ẹ̀kan sí i. 3.7 lítà ló ń gbà pẹ̀lú fílítà, gbogbo ọjọ́ Sátidé ni mo ń yẹ gééjì báyìí, kódà ìyá ìyàwó mi máa ń bi mí tá a bá ti fẹ́ rìnrìnàjò.

Tẹ́ ẹ bá ti já kápù àkọ́kọ́, ẹ fi èékánná họ ọ́, kẹ́ ẹ sọ fún mi bó ṣe rí kẹ́ ẹ tó ná kọ́bọ̀ kankan.